Ìyá Aláta dá ọwọ́ méjì, app mi kọ ẹyọ kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Django, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ app ní èdè Python, ni mo ń kọ́, kò tíì pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ni olórí èsúsú àwọn kan ní ọjà Bódìjà, inú ìwé kékeré kan ni wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, mo wá ní kí n bá wọn fi ṣe app. Table (àtẹ tí app ń to nǹkan sí ní ìlà-ìlà) kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ ṣe: orúkọ, fóònù, week1 títí dé week12. Nígbà tí mo rí i pé àwọn kan wà nínú èsúsú méjì, mo fi ManyToManyField, tó ń jẹ́ kí ẹnì kan wà nínú èsúsú púpọ̀ kí èsúsú kan sì ní èèyàn púpọ̀, so èèyàn mọ́ èsúsú. Àmọ́ Ìyá Aláta dá ọwọ́ méjì nínú èsúsú kan náà. Mo fi wọ́n kún un lẹ́ẹ̀mejì, ẹyọ kan ni app ń fi hàn, kò sì kọ error kankan. Kí ni kí n ṣe? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, Django ò ṣẹ̀ ọ́. Tí èèyàn bá lo ManyToManyField lásán, òun fúnra rẹ̀ ló máa dọ́gbọ́n ṣe table kẹta sáàárín, tí nọ́ńbà èèyàn àti nọ́ńbà èsúsú wà nínú rẹ̀, á sì fi òfin dè é pé èèyàn kan àti èsúsú kan ò gbọdọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀. Bí o ṣe tún ń fi Ìyá Aláta kún un, ó wò ó pé wọ́n ti wà níbẹ̀, ó sì kọjá lọ láìsọ nǹkan kan. Òfin yẹn dáa fún akẹ́kọ̀ọ́ àti kíláàsì. Kò bá èsúsú mu.

Ohun tí o ò tíì fún ní table tirẹ̀ ni ọwọ́. Lọ jókòó ti Màmá lọ́jà kí o gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Ọwọ́ mélòó lẹ fẹ́ dá?" Lẹ́yìn náà, "Ìgbà wo lẹ fẹ́ kó o?" Ọwọ́ ló ní ipò. Orí ọwọ́ ni wọ́n ń san owó sí, ọwọ́ náà ló sì ń kó.

Table mẹ́rin nìyẹn. Person ní orúkọ àti fóònù, ó tán. Esusu ní iye owó ọwọ́ kan, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àbí oṣooṣù. Hand ni kí o pe ẹ̀kẹta: ForeignKey (okùn tó so ìlà kan mọ́ ìlà kan nínú table míì) kan lọ sọ́dọ̀ Person, òmíràn lọ sọ́dọ̀ Esusu, pẹ̀lú position, ìyẹn ìgbà tí ọwọ́ náà máa kó. Ẹ̀kẹrin ni Payment. Hand ni ForeignKey tirẹ̀ máa tọ́ka sí, kì í ṣe Person o, kí o wá fi iye, ọjọ́, àti ọ̀sẹ̀ tí owó náà wà fún kún un.

Ká ní ọwọ́ méjìlá ni, ₦5,000 lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá kàn máa kó ₦60,000. Ìyá Aláta ní ìlà méjì nínú Hand, position 3 àti position 9. Tí wọ́n bá mú ₦10,000 wá, Payment méjì ni kí o kọ, ₦5,000 sórí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kó ₦60,000 lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n tún kó ₦60,000 lọ́sẹ̀ kẹsàn-án. Nígbà tí èsúsú bá fi máa parí, ₦120,000 ni wọ́n dá, ₦120,000 náà ni wọ́n kó. Tó bá jẹ́ pé Person lo so Payment mọ́, tí ọjà ò wá tà lọ́sẹ̀ kan tí wọ́n mú ₦5,000 péré wá, èwo ni wọ́n san, èwo ló kù? Màmá máa mọ̀. App rẹ ò ní mọ̀.

Fi UniqueConstraint, òfin tí kì í jẹ́ kí ohun kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì, sórí esusu àti position, kí ọwọ́ méjì má baà kó lọ́jọ́ kan náà. Má fi irú rẹ̀ sórí person àti esusu, torí ibẹ̀ gan-an lo ti ń bọ̀. Má sì fi sínú Payment rárá: ẹlòmíràn á mú ₦3,000 wá láàárọ̀, á ní kí wọ́n wá gba ₦2,000 tó kù tọ́jà bá ń tú. Gbèsè ẹni kọ̀ọ̀kan, má tọ́jú rẹ̀ sínú table kankan. Sum, tó ń ro owó pọ̀, ni kí o fi ka ohun tó ti wọlé nígbàkigbà tí o bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Owó yẹn, DecimalField ni, tó ń tọ́jú iye gẹ́lẹ́ bó ṣe wà; má lo FloatField, tó lè ṣì í díẹ̀.

Edgar Codd, ọmọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún IBM ní California, ló gbé èrò tó wà nídìí gbogbo èyí jáde ní 1970, pé ohun tí a kọ sínú ìlà kan ni kó máa so ó mọ́ ìlà mìíràn. Id tí Django ń fún ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí o fi so wọ́n. Mo rí àwọn tó ń fi nọ́ńbà fóònù ṣe é. Àwọn èèyàn ọjà ń pààrọ̀ SIM, àwọn àgbàlagbà míì sì wà tó jẹ́ fóònù ọmọ ni wọ́n ń lò.

Ó tún ku on_delete, tó ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìlà tó so mọ́ ìlà kan tí wọ́n bá pa á rẹ́. Láti Django 2.0 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan, CASCADE sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dà kọ láìwo ẹ̀yìn wò. Tí o bá fi CASCADE síbẹ̀, lọ́jọ́ tí Màmá bá bínú tí wọ́n pa orúkọ ẹnì kan rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á bá a lọ, gbogbo owó tó ti san á bá a lọ, ìṣirò èsúsú á sì dàrú mọ́ gbogbo ẹni tó kù lọ́wọ́. PROTECT, tí kì í jẹ́ kí wọ́n pa ìlà kan rẹ́ tí nǹkan bá ṣì so mọ́ ọn, ni kí o lò ní gbogbo ojú ibẹ̀. Tí ẹnì kan bá kó lọ sílé ọkọ tí àbúrò rẹ̀ gba ọwọ́ náà, person tó wà lórí Hand nìkan lo máa yí padà, Payment ò ní mira.

Bi Màmá bóyá wọ́n ń gbà kí èèyàn méjì pín ọwọ́ kan. Tí wọ́n bá ń gbà á, Hand náà nílò table míì sáàárín òun àti Person, tó máa sọ ìpín kálukú. Tí wọn ò bá gbà á, má dá a láàmú.

Django ò ní gbà kí o fi through, ìyẹn kí o sọ pé Hand ni table àárín, kún ManyToManyField tó ti wà nílẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti tíì sí owó gidi nínú app náà, pa db.sqlite3, fáìlì tí gbogbo table wà nínú rẹ̀, rẹ́, pa àwọn fáìlì tó ní nọ́ńbà nínú migrations, fódà tí Django ń kọ àyípadà table sí, rẹ́, kí o ṣe makemigrations àti migrate lákọ̀tun kí ó tún àwọn table náà ṣe. Lẹ́yìn náà, gba ìwé Màmá, mú èsúsú kan tó ti parí, kọ ọ́ sínú app látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí iye tí ẹnikẹ́ni kó níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí tinú ìwé, Hand ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.