Ẹ má tíì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé alámọ̀ yẹn

Ìbéèrè: Ilé alámọ̀ tí bàbá ńlá wa kọ́ sí ìdí Òkè Mápó n'Ìbàdàn ti ń sán. Bíríkìlà ní ká fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ yíká, ká sì gé igi òdán iwájú rẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ agbo ilé fẹ́ kọ̀wé kí ìjọba sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àmọ́ àwọn àgbà ní ìjọba á gbà á lọ́wọ́ wa ni. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ fi ti ìjọba sílẹ̀ ná. Kí ìwé yín tó dé ọ́fíìsì kankan, sìmẹ́ǹtì á ti ba ilé jẹ́. Ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n ń fún àwọn onílé ní Òjé àti Bẹẹrẹ, ó sì ti sú mi í gbọ́.

Amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, oòrùn á sì fà á jáde lójú ogiri. Tẹ́ ẹ bá ti fi sìmẹ́ǹtì dí ojú yẹn, omi ò rí ọ̀nà jáde mọ́. Á jókòó sínú, á máa gùn sókè, amọ̀ á máa rọ̀. Ìta á máa dán, inú á ti jẹrà. Bí wọ́n bá ti rẹ́ apá kan tẹ́lẹ̀, ẹ fi ìka kan ibẹ̀, ní ìwọ̀n orúnkún. Tó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ǹtì ti ya kúrò lára amọ̀ nìyẹn. Ẹ ṣí i díẹ̀, erùpẹ̀ tútù ni yóò dà sí yín lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á tún rẹ́ òmíràn lé e, owó yín ló ń wá.

Páànù tó ń jò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kẹ́ ẹ sì la ojú gọ́tà kí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ má máa ro sídìí ogiri. Tí wọ́n bá da kọnkéré kan ẹsẹ̀ ogiri, ẹ gé e kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀pa tẹ́ ẹ bá sẹ́, tẹ́ ẹ sì pò dáadáa, ni kẹ́ ẹ fi dí ibi tó sán. Mi ò fojú rí ilé náà o. Bí ìka bá wọ ibi tó sán, tàbí ogiri ń tẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀. Ẹ pe ẹnjiníà.

Igi òdán ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa igi yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbé ayùn. Ìlú tó kọ́lé dí ojú omi, tó ń da ìdọ̀tí sódò títí odò Ògùnpa fi gbé èèyàn lọ ní 1980, ṣì tún ń gé igi bí ẹni pé òjò ò ní rọ̀ mọ́.

Ní ti ìwé, òfin 1979 tó dá àjọ àpapọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ kò sọ pé ìkéde nìkan ti gba ilé lọ́wọ́ yín. Ohun tó ṣe ni pé, bí wọ́n bá ti kéde ilé kan, ẹ ò lè wó o tàbí yí i padà láìgbàṣẹ. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ bi lọ́yà. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá, ẹ kọ ìtàn ẹni tó kọ́ ọ sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n mọ́gàjí, olórí agbo ilé yín, ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ nìkan lẹ kọ ọ́, ìjà ẹbí ni òṣìṣẹ́ tó bá gbà á máa pè é, yóò sì tì í sábẹ́ fáìlì.