Gentamicin fún ọmọ tí kò tó kílò kan: oògùn tó kù sínú rọ́bà

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé. Wọ́n bí ọmọ kan ní ọ̀sẹ̀ 26, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 800. Dókítà kọ gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ní mílígíráàmù 5 fún kílò kan, ní wákàtí 48 síra. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé ń gba 4 fún kílò kan lójoojúmọ́. Ṣé wọn ò ṣì í kọ? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tún ní oògùn ò tó lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ níṣojú mi ni ẹ̀rọ tó ń ti síríǹjì tì í tán. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Wọn ò ṣì í kọ. Omi ló pọ̀ jù lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 85 nínú 100. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé jẹ́ nǹkan bí 75. Inú omi ara ni gentamicin ń tàn ká sí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ pọ̀ díẹ̀ kó tó lè pa kòkòrò àrùn. Kíndìnrín ló sì ń kó o jáde, ti ọmọ yìí ò tíì gbó. Bí ẹ bá ń fún un lójoojúmọ́, ti àná ò ní tíì jáde tí tòní á fi bá a níbẹ̀, ìyẹn sì lè ba etí àti kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a sábà máa ń sún un mọ́ra sí wákàtí 36.

Ìbéèrè kejì, ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ló ká mi lára jù, torí rọ́bà tí oògùn ń gbà kọjá ni mo fura sí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kílò 0.8 lọ́nà 5 jẹ́ mílígíráàmù 4. Bí ẹ bá pò ó kí mílígíráàmù 2 wà nínú mílílítà kan, gbogbo oògùn ọmọ náà jẹ́ mílílítà 2 péré. Ká ní rọ́bà tó ti ara síríǹjì dé ara ọmọ gba mílílítà 1, omi oníyọ̀ lẹ sì ti fi kún un tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ké lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, omi oníyọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ wọlé. Mílígíráàmù 2 ṣì wà nínú rọ́bà. Bí ẹ bá yọ rọ́bà jù nù, ìdajì oògùn ọmọ lẹ jù nù yẹn.

Ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ fa omi oníyọ̀ tó ju ohun tí rọ́bà gbà lọ díẹ̀ sínú síríǹjì mìíràn, kó máa lọ ní eré kan náà tí oògùn fi lọ, ìyẹn mílílítà 4 ní wákàtí kan. Ẹ má fọwọ́ tì í, kí oògùn tó kù má baà ya wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ mọ́ omi tó ń gbà lójúmọ́, torí fún ọmọ tó kéré báyìí, mílílítà kan kì í ṣe nǹkan kékeré. Rọ́bà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì kúrú ló dára jù. Ẹ má sì jẹ́ kí ampicillin, oògùn mìíràn tó ń pa kòkòrò àrùn, bá gentamicin pàdé nínú rẹ̀, ó máa ń pa agbára gentamicin.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà ní ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oògùn, ìgbà tí omi oníyọ̀ bá parí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀rọ ké. Ẹ má fà á láti ojú ibi tí oògùn gbà wọlé. Èyí tí ẹ ń fà kí oògùn mìíràn tó kàn, mílígíráàmù 1 nínú lítà kan ni a kì í fẹ́ kó kọjá.

Kí dókítà tó fi kún oògùn náà, ẹ sọ bí ẹ ṣe fún un fún wọn, rọ́bà àti gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì tún àyẹ̀wò náà ṣe lẹ́yìn oògùn tó kàn.