Bí ẹ ṣe lè fi Yorùbá sínú fíìmù aláìlóhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi Two Tars, fíìmù aláìlóhùn tí Laurel àti Hardy, àwọn aláwàdà méjì nì, ti ṣe atukọ̀, dá àwọn àgbà ìjọ wa lára yá. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ káàdì ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde láàárín àwòrán inú rẹ̀. Ṣé mo lè pààrọ̀ wọn sí Yorùbá láìsí ẹjọ́?

Ìdáhùn: Ẹ lè pààrọ̀ wọn. Ọdún 1928 ni fíìmù náà jáde láti ilé iṣẹ́ Hal Roach, ó sì ti di ti gbogbo ayé ní Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ní Nàìjíríà níbí, ọdún 50 lẹ́yìn tí fíìmù bá jáde ni òfin fi dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ni ín, ìyẹn náà sì ti kọjá tipẹ́. Orin tí wọ́n fi sí ẹ̀dà tuntun ni kí ẹ ṣọ́ra fún, ó lè ní olówó tirẹ̀. Ẹ pa á, kí onídùùrù ìjọ yín máa tẹ dùùrù sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe nílé sinimá láyé ìgbà yẹn.

Nígbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ ta fíìmù sí ilẹ̀ mìíràn, wọ́n á gé káàdì kúrò, wọ́n á fi ti èdè ibẹ̀ rọ́pò. Ohun tí ẹ máa ṣe lórí kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹ kọ lẹ́tà funfun ńláńlá sórí dúdú. Irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Noto Sans dára, àmì ohùn máa ń jókòó dáadáa lórí ẹ àti ọ níbẹ̀. Ẹ ka káàdì kọ̀ọ̀kan sókè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ibi tí ẹ bá parí sí ni kí ẹ gé e. Kí ẹnìkan tí ohùn rẹ̀ já gaara máa kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé.

Ṣùgbọ́n kí ó má ṣàlàyé fíìmù o! Ẹ wo ìgbà tí epo tán nínú mọ́tò kan, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ̀rẹ̀, tí àwọn atukọ̀ méjèèjì àtàwọn ọmọge wọn há sáàárín rẹ̀. Ẹnìkan á ba mọ́tò ẹnìkejì jẹ́. Oní-mọ́tò á dúró, á máa wò ó títí yóò fi ṣe tán, kó tó gbẹ̀san. Ìdúró yẹn gan-an ni ẹ̀rín wà. Bí ẹnu bá wọ ibẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ má sì gé e kúrú nítorí àkókò: gbogbo fíìmù náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ.