Ẹgbẹ́ wa ti di ńlá, ìwé òfin wa ò gbà wá mọ́: kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa onífọ́tò ní ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, 46 ni wá. A ti di 131 báyìí. Ìwé òfin wa, ojú ewé mẹ́ta péré, sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ péjú ká tó lè yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti pèpàdé, a ò pé. Alága wa ti lo ọdún mẹ́jọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní ká fi gbèdéke sí sáà. Àwọn kan ní ká dìbò yan olóyè tuntun ná, ká tó tún òfin ṣe. Àwọn mìíràn ní ká kọ orúkọ àwọn olóyè lọ sí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi trustee (alámòójútó dúkìá ẹgbẹ́), kí báǹkì lè ṣí àkáǹtì fún wa. Èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, akọ̀wé. Ẹ má tíì dìbò, ẹ má sì tíì lọ sí CAC. Bí ẹ bá dìbò lónìí, abẹ́ òfin àtijọ́ ni àwọn olóyè tuntun ti gba ipò. Kò sí gbèdéke kankan lórí wọn, ẹ ó sì máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà láti gé sáà ara wọn kù. Alága tó fẹ́ kí sáà ní gbèdéke kò wọ́pọ̀. Ẹ tún òfin ṣe nígbà tó ṣì wà lórí àga.

Ìwé orúkọ ni ìbẹ̀rẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 131 lé díẹ̀ ní 87, nítorí náà ènìyàn 88 lẹ ń wá. Ó ṣeé ṣe kí iye yẹn má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ la ìwé ńlá kan sí ọ̀nà mẹ́fà: orúkọ, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó san owó ẹgbẹ́ kẹ́yìn, fóònù, àdúgbò. Ẹ ó rí orúkọ tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ra fọ́ọ̀mù tí kò dá a padà, ẹni tó ti kó kúrò nílùú. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Bí ìwé òfin yín bá sọ pé ẹni tó jẹ owó dé iye oṣù kan ti jáde, ẹ kọ̀wé sí i, ẹ fún un láyè láti san, kẹ́ ẹ tó fagi lé orúkọ rẹ̀. Bí òfin ò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò lè yọ ẹnikẹ́ni torí kí iye lè pé. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tí wọ́n yọ á ní wọn ò pe òun sípàdé, ilé ẹjọ́ sì lè wọ́gi lé gbogbo ohun tí wọ́n fẹnu kò sí lọ́jọ́ náà. Ẹ fi orúkọ náà síta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí oníkálùkù yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, rí irú èyí ní ìwọ̀n tó tóbi ju tiyín lọ. Òfin tí wọ́n gbà lọ́dún 2015 gba ìbò kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣojú, ó fi lé gbogbo agbẹjọ́rò lọ́wọ́, wọ́n sì dìbò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2016. Láti ìgbà náà, ọ̀kan lára àríyànjiyàn tó máa ń gbóná níbẹ̀ ni ti orúkọ olùdìbò: ta ló wà níbẹ̀, ta ni wọn ò rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwé orúkọ ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká dé inú òfin tuntun. Àṣìṣe tó há yín mọ́ ibi tẹ́ ẹ wà ni pé wọ́n fi gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ìwọ̀n. Ẹgbẹ́ ènìyàn 46 lè kó 31 jọ. Bí ẹgbẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye tó ń wá sípàdé ń dín kù sí iye tó wà nínú ìwé. Fún ìpàdé lásán, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí owó wọn pé ti tó. Fún yíyan olóyè, ẹ lè sọ ọ́ di ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé bí ìpàdé kò bá pé, wọn yóò sún un sí ọjọ́ mẹ́rìnlá, iye tó bá sì wá lọ́jọ́ kejì ti tó fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, àmọ́ kò tó fún àtúnṣe òfin.

Ní ti sáà, ọdún méjì lẹ́ẹ̀mejì dára. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo olóyè kúrò lọ́jọ́ kan náà. Kí ọdún akápò yàtọ̀ sí ti akọ̀wé, kí ẹnì kan lè wà tó mọ ibi tí ìwé wà. Gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń gbàgbé, òun ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ọdún tí olóyè ti lò lórí ipò kan kí òfin yìí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wà lára iye ọdún tó lè lò níbẹ̀.” Bí kò bá sí i, ẹni tó ti ṣe ọdún mẹ́jọ lè ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí ni CAC. Abẹ́ Apá F nínú CAMA ti 2020, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀, ni ẹgbẹ́ yín bọ́ sí. Trustee kì í ṣe olóyè. Àwọn trustee ni dúkìá ẹgbẹ́ wà lórúkọ wọn, àwọn olóyè ló ń darí ẹgbẹ́. Nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ trustee, ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu kò sí i nípàdé gbogboogbò, kẹ́ ẹ tún kọ̀wé sí CAC. Bí olóyè ọlọ́dún méjì bá wá jẹ́ trustee, owó àti wàhálà ọlọ́dún méjì nìyẹn. Ẹ yan àgbà márùn-ún tí kò ní lọ láìpẹ́. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Àkọsílẹ̀ ìpàdé tẹ́ ẹ ti yàn wọ́n gbọ́dọ̀ fi orúkọ àwọn tó wá hàn àti iye ìbò. “Gbogbo ilé gbà” nìkan kò tó. Ìkéde pé ẹ fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ á jáde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ọ̀kan nínú wọn yóò jẹ́ èyí tó ń kárí orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá ní ohun tó lòdì sì ní ọjọ́ 28 láti kọ̀wé. Tí ìwé ẹ̀rí bá ti dé ọwọ́ yín, láti ọdún kejì ẹ óò máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ láàárín 30 Okúdù sí 31 Ọ̀pẹ̀. Àtúnṣe òfin tẹ́ ẹ bá sì tún ṣe lẹ́yìn náà, CAC gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó múlẹ̀.

Bí ẹ bá ń dá owó tẹ́ ẹ máa ń pín ní ìparí ọdún, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí. Òfin ò gbà kí irú ẹgbẹ́ yìí pín èrè fún ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ dá alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ lọ́tọ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ yín.

Ní ti 88 yẹn: ẹ má dá ìpàdé pàtàkì sí ọjọ́ Sátidé, torí ọjọ́ náà lẹ máa ń ya òde ìgbéyàwó. Ẹ fi sí ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun, ẹ fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́ ní ọjọ́ 21 ṣáájú, ẹ pín orúkọ tó bá kù láàárín àwọn olóyè, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi fóònù pè wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta àti ọjọ́ kan ṣáájú. Kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé lẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń wọlé.