Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọdún Wo Gan-an Ni Páríìṣì Abúlé Wa Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ká kọ ìtàn ìjọ Kátólíìkì abúlé wa. Ọdún tó wà lára òkúta ìpìlẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àwọn àgbà ń sọ, méjèèjì sì yàtọ̀ sí ti ìwé ìrìbọmi àkọ́kọ́. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan. Ó ṣeé ṣe kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ̀nà, torí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ń sọ. Ọjọ́ tí fádà kọ́kọ́ ṣe Mísà lábúlé kọ́ ni ọjọ́ tí wọ́n dá páríìṣì sílẹ̀, ọjọ́ yẹn náà sì kọ́ ni wọ́n kọ́ ilé. Ọ̀pọ̀ ìjọ abúlé ló ti wà lábẹ́ páríìṣì mìíràn fún ìgbà pípẹ́ kó tó dá dúró, nítorí náà ìwé ìrìbọmi àwọn ará ibẹ̀ àkọ́kọ́ lè wà ní páríìṣì ìyá. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àṣìṣe tó ń ba irú ìtàn yìí jẹ́ jù ni kí èèyàn ṣí ojú ewé kìíní ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì ní ibẹ̀ ni ìjọ ti bẹ̀rẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù nìkan ló láṣẹ láti dá páríìṣì sílẹ̀ (ìwé òfin ìjọ Kátólíìkì, òfin nọ́ńbà 515). Ìwé àṣẹ rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ náà. Ẹ béèrè fún un ní ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù. Ní ti ilé, ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni òkúta ìpìlẹ̀ ń sọ. Bí owó bá tán lójú ọ̀nà, ìyàsímímọ́ lè di ẹ̀yìn ọdún púpọ̀. Òfin nọ́ńbà 1208 ní kí wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí ìyàsímímọ́ tàbí ìbùkún ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí tiyín bá sọnù, ẹ wá èkejì lọ sọ́hùn-ún.

Ẹ wo ara ògiri pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí àgbélébùú kéékèèké 12 tàbí 4 yí inú ilé ká, tí ibi ìgbé àbẹ́là wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n fi òróró mímọ́ kàn lọ́jọ́ ìyàsímímọ́. Ẹ má fi ọdún ara agogo ṣe ẹ̀rí: ọdún tí wọ́n rọ agogo nìyẹn, agogo sì máa ń ti ṣọ́ọ̀ṣì kan bọ́ sí òmíràn.

Ìbéèrè: Látìn ni wọ́n fi kọ ìwé ìrìbọmi wa àtijọ́, ó sì ti ń ya. Ṣé ká fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ ká tó máa kà á?

Ìdáhùn: Rárá o! Gọ́ọ̀mù ara téèpù á pọ́n, á wọnú ìwé, ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ ṣí i kúrò, á bá yín ká tàdáwà lọ. Ẹ má sì fi ọ̀rá gbígbóná bò ó. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ìka mọ bí ewé ṣe rọ̀ tó, ó sì ń fa ìwé ya. Ẹ ká aṣọ sábẹ́ èèpo méjèèjì kí ẹ̀yìn ìwé má baà ṣẹ́. Pẹ́ńsù nìkan ni kó wà nítòsí, kì í ṣe bírò. Ẹ ya fọ́tò ewé kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, láìlo iná kámẹ́rà, títí kan ewé tó ṣófo, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ fo nǹkan.

Látìn inú rẹ̀ kò pọ̀. *Baptizavi* ni «mo ṣe ìrìbọmi fún»; *natus* ni wọ́n ń kọ fún ọmọkùnrin, *nata* fún ọmọbìnrin. Oṣù ló ń tan èèyàn jẹ: *7bris* kì í ṣe oṣù keje, September ni, *8bris* ni October, *9bris* November, *Xbris* December. Jacobus lè jẹ́ James tàbí Jacob, nítorí náà ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe bá a.

Ìpàdé gbogbogbòò ìjọ ní Trent, lọ́dún 1563, ló pàṣẹ pé kí páríìṣì máa kọ ìrìbọmi àti ìgbéyàwó sílẹ̀; *Rituale Romanum*, ìwé ìlànà ìsìn ìjọ, ti 1614 fi ìwé òkú kún un. Ẹ ka etí ewé dáadáa. Láti 1908, tí *Ne Temere*, àṣẹ ìjọ lórí ìgbéyàwó, ti 1907 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni wọ́n ti ń kọ ìgbéyàwó èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìbọmi rẹ̀, pẹ̀lú ibi tó ti ṣe é. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ibi tí àwọn ọmọ abúlé ṣí lọ, ohun tí ìtàn ẹnu kì í sábà rántí. Ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ fádà, ẹ má sì tẹ ọ̀rọ̀ ìbí ẹni tó ṣì wà láàyè jáde.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa mọ apá tó dàgbà jù lára ilé náà?

Ìdáhùn: Ẹ wá ìlà tó lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí bíríkì tàbí òkúta kò ti wọnú ara wọn: ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ ilé náà. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri, ẹ gòkè àjà, torí wọn kì í sábà rẹ́ ibẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀n fèrèsé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wéra, kí ẹ sì lọ wo ọdún tí owó iṣẹ́ jáde nínú ìwé ìṣirò owó páríìṣì.