Gọ́ọ̀fù Nínú Òtútù Tó Kọjá Bó Ṣe Yẹ: Ìdáhùn Sí Àwọn Ìbéèrè Yín

Òtútù ọdún yìí ti bá ọ̀pọ̀ agbágọ́ọ̀fù lójijì, lẹ́tà yín sì ti fi bẹ́ẹ̀ hàn. Mẹ́rin ni mo mú nínú wọn, nítorí pé ohun tí àwọn mẹ́rin yìí béèrè ni ọ̀pọ̀ àwọn yòókù náà fẹ́ mọ̀.

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbá gọ́ọ̀fù, mi ò sì tíì rí irú òtútù yìí rí. Ọ̀pá onírin nọ́ńbà 7 tí mo fi máa ń gbá bọ́ọ̀lù dé àárín gíríìnì (ibi tí koríko ti kúrú jù lọ tó yí ihò ká) nígbà ooru kò gbé e dé etí rẹ̀ mọ́. Mo wá ń fi agbára kún un, àmọ́ ńṣe ni bọ́ọ̀lù túbọ̀ ń yà bàrá, ọwọ́ á sì máa ta mí bí ẹni pé iná mànàmáná gbé mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa kó bọ́ọ̀lù sínú àpò tí mo kó ohun amúwọ́gbóná sí kí ó lè fò dáadáa. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dín agbára kù. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bá mi jáde nígbà òtútù nìyẹn, kò sì sí ìmọ̀ràn tó máa ń ṣòro fún wọn láti gbà tó o. Ọwọ́ yín kò bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ tí bọ́ọ̀lù ń gbà kọjá ló yí padà. Nígbà tí ojú ọjọ́ bá wà ní 20°C, afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.20, tó bá já wálẹ̀ dé 0°C, ó di nǹkan bíi 1.29. Ó lè dà bí ohun kékeré, àmọ́ ẹ rántí pé bọ́ọ̀lù tí òfin kò gbà kó wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ ni ẹ ń rán gba inú rẹ̀, gbogbo ọ̀nà tó bá sì rìn lójú òfuurufú ni afẹ́fẹ́ tó ki yẹn fi ń fà á sẹ́yìn. Ẹ tún fi kún un pé rọ́bà inú bọ́ọ̀lù máa ń le nínú òtútù, tí kì í sì í ta padà bó ṣe yẹ nígbà tí ọ̀pá bá bà á, àti pé ẹ̀wù tí ẹ wọ̀ lé ara wọn kò jẹ́ kí èjìká yín yí dé ibi tó ń yí dé tẹ́lẹ̀.

Nínú irú ipò yìí, ẹni tó bá fi agbára kún gbígbá kò ní jèrè ju pé kó má lè fi àárín ojú ọ̀pá ba bọ́ọ̀lù mọ́. Ohun tó ń ta yín lọ́wọ́ nìyẹn: bọ́ọ̀lù tó ti le, tó wá bá etí ọ̀pá pàdé, a máa rán ìgbọ̀nrìrì gba inú irin wá tààrà sí egungun ìka. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti ń mú nọ́ńbà 7, ẹ mú nọ́ńbà 6, torí pé bí nọ́ńbà ọ̀pá bá ṣe kéré tó ni bọ́ọ̀lù ń lọ jìnnà tó. Bí atẹ́gùn bá tún ń fẹ́ kò yín lójú, ẹ mú nọ́ńbà 5, kí ẹ sì gbá a wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ má gbé ọwọ́ kọjá èjìká. Ó máa ń dun ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ìgbéraga sì ni, kì í ṣe òtútù. Kò sí ẹni tó ń kọ nọ́ńbà ọ̀pá sórí káàdì iye gbígbá.

Ọ̀rọ̀ ìka ni mo fẹ́ kí á dúró lé díẹ̀. Nígbà tí òtútù bá mú ara, ẹ̀jẹ̀ a máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sílẹ̀ lọ dáàbò bo ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti àwọn ohun pàtàkì mìíràn tó wà nínú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn ṣùgbọ́n tí ọrùn àti àyà rẹ̀ wà ní gbangba ṣì máa ń gbọ̀n. Láti àyà ni ìka ti ń móoru. Ẹ̀wù tó bá kan ara kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú, torí pé òwú a máa fa òógùn mu, á sì di aṣọ tútù mọ́ yín lára lẹ́yìn òkè kékeré àkọ́kọ́ tí ẹ bá gùn. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn tínrín ṣe, tàbí irú aṣọ eré ìdárayá tí kì í mu omi. Ẹ fi òmíràn tó fẹ́lẹ́ lé e, kí èyí tó wà lókè pátápátá má ní apá, kí èjìká lè ráyè yí. Ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì sàn ju ọ̀kan tó nípọn bí ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn lọ. Ẹ bo ọrùn, ẹ dé fìlà tó bo etí. Bí ẹ bá gbá tán, ẹ ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìbọ̀wọ́ ńlá aláìníka, kí ẹ má yọ ọ́ títí yóò fi tún kàn yín.

Mo ní ìdánwò kan tí mo máa ń ṣe kí n tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Mo á ṣí bọ́tìnì kan lára ẹ̀wù mi, mo á sì tún un dè láì wò ó. Bí ìka mi bá ń wá ihò bọ́tìnì kiri, mo mọ̀ pé wọn kò ní mọ ìgbà tí ọ̀pá bá ń yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo á tún rìn yí ká fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, mo á máa fì ọ̀pá méjì pọ̀ lọ́wọ́ kan náà lọ síwá sẹ́yìn láìgbá nǹkan kan, títí ọwọ́ á fi padà di tèmi.

Ní ti ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín, ẹ má gbà á. Kò sí èèwọ̀ nínú kí ẹ fi ohun amúwọ́gbóná mú ọwọ́ yín gbóná. Bọ́ọ̀lù ni wọn kò gbọdọ̀ mú gbóná. Òfin 4.2a nínú ìwé òfin gọ́ọ̀fù tí àwọn àjọ R&A àti USGA ń ṣe àkóso rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù tí a mọ̀ọ́mọ̀ yí ìṣesí rẹ̀ padà, ó sì dárúkọ mímú un gbóná; ìyà rẹ̀ ni lílé kúrò nínú ìdíje. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù sùn sínú yàrá pẹ̀lú yín, kó má sùn sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí òtútù á ti mú un di òkúta kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo bí ihò ṣe jìnnà tó sínú àpò ẹ̀wù tó súnmọ́ ara náà. Bátìrì a máa tètè kú nínú òtútù.

Ìbéèrè: Ẹ kú àárọ̀ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ̀wé yìí. Oòrùn ràn, ojú ọ̀run mọ́ kedere, síbẹ̀ àwọn tó ń tọ́jú pápá ní kí á jókòó sínú ilé fún wákàtí méjì nítorí ìrì dídì, ìyẹn ìrì òru tó dì sára koríko. Nígbà tí wọ́n sì jẹ́ kí á wọlé, ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ojú fairway (ọ̀nà koríko gígé tó lọ sí gíríìnì) ni wọ́n ní kí á gbá sí, wọ́n fi okùn yí gíríìnì ká. Ṣé kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni wọ́n?

Ìdáhùn: Arábìnrin wa, ẹ bínú díẹ̀ kẹ́ ẹ sì dáríjì wọ́n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìrì bá dì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí etí ọ̀nà, kí ẹ fi ìka méjì mú ewé koríko kan ṣoṣo, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Kò ní tẹ̀. Á dún bíi pé ó ṣẹ́. Omi ló pọ̀ jù nínú ewé koríko, omi náà ló ti dì, nítorí náà ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ ń fọ́ inú rẹ̀ túútúú ni. Ẹ kò ní rí i lọ́jọ́ náà. Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ipasẹ̀ yín á yọ lórí gíríìnì ní àwọ̀ ilẹ̀ bí ẹni fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ipasẹ̀ náà á sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, torí pé koríko kì í hù nígbà òtútù láti bo ọgbẹ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Oòrùn tí ẹ rí náà lè mú kí ọ̀ràn burú sí i. Ó máa ń yọ́ òkè ilẹ̀ nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì dì gbagidi. Koríko á wá dà bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sórí òkúta tó tutù: òkè rọ̀, gbòǹgbò há sínú ilẹ̀ dídì nísàlẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń já gbòǹgbò yẹn láàárín méjèèjì. Ìgbà tí pápá dà bíi pé ó ti dára yìí gan-an ni ẹ̀rù máa ń ba àwọn olùtọ́jú rẹ̀ jù. Ní St Andrews ní Scotland, lórí Old Course tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé, ẹní kékeré kan ni wọ́n máa ń ní kí àwọn agbágọ́ọ̀fù gbé bọ́ọ̀lù lé lórí fairway láwọn oṣù òtútù kí wọ́n tó gbá a. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù koríko tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kò yẹ kí okùn tí wọ́n fi yí gíríìnì yín ká dùn yín.

Bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ gbá lórí ilẹ̀ tó dì, ẹ gbàgbé bọ́ọ̀lù gíga tó ń bọ́ sórí gíríìnì tó sì ń dúró. Á ta bíi pé ó bọ́ sórí kọnkéré, á sì fò kọjá lọ sínú igbó. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀ jìnnà síwájú gíríìnì, kó yí wọlé fúnra rẹ̀. Tó bá ku díẹ̀ kó dé, pọ́tà (ọ̀pá tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù lórí gíríìnì) ni kí ẹ mú, ẹ fi wẹ́jì (ọ̀pá tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè) sílẹ̀ nínú àpò, torí pé ìsàlẹ̀ wẹ́jì á ta lórí ilẹ̀ líle, á sì fi etí gún bọ́ọ̀lù. Láti ojú fairway, ẹ gbé bọ́ọ̀lù sẹ́yìn díẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ ba bọ́ọ̀lù, kí ẹ má wa ilẹ̀. Ẹni tó bá wa ilẹ̀ tó dì á fi ọrùn ọwọ́ san án.

Ìbéèrè: Bọ́ọ̀lù mi wọ inú òkìtì yìnyín. Ẹnìkejì mi ní kí n gbá a níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni òfin wí?

Ìdáhùn: Òfin fún yín láyè láti yàn. Ẹ lè ka yìnyín sí ohun tó kàn wà nílẹ̀ bí ewé gbígbẹ, kí ẹ rọra kó o kúrò, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá tìtorí bẹ́ẹ̀ yẹ̀, a ó fi gbígbá kan kún iye yín, ẹ ó sì dá a padà síbi tó wà, àfi tó bá jẹ́ orí gíríìnì ni. Ẹ sì lè kà á sí omi ìgbà díẹ̀, kí ẹ gbé bọ́ọ̀lù lọ síbi tó súnmọ́ jù lọ tí yìnyín kò ti ní dí yín lọ́wọ́, tí kò sì súnmọ́ ihò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láìsí ìyà kankan. Nínú bọ́ńkà (kòtò oníyanrìn), inú bọ́ńkà náà lẹ ó ti jẹ ọ̀fẹ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ jáde síta, ẹ ó san gbígbá kan. Omi dídì tí kì í ṣe àfọwọ́ṣe wà lábẹ́ òfin kan náà. Ìrì dídì kò sí níbẹ̀ rárá: kò sí ẹni tó lè nu ìrì dídì kúrò lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ẹ sì fi bọ́ọ̀lù funfun sílẹ̀ sílé. Ní Uummannaq, ní Greenland, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje gọ́ọ̀fù orí omi dídì lọ́dún 1997, bọ́ọ̀lù aláwọ̀ tó ń tàn ni wọ́n gbá nígbà náà.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Bàbá àwọn ọmọ mi ti pé ọdún 67, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, síbẹ̀ kò jẹ́ pa gọ́ọ̀fù jẹ lọ́jọ́ Sátidé kankan. Ó ní ìgò ọtí kékeré tó wà nínú àpò òun ń mú òun móoru.

Ìdáhùn: Màmá, ìgò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Ọtí a máa la òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á sáré wá síta, ara á gbà pé òun ti móoru, bẹ́ẹ̀ sì ni ooru inú á máa jáde lọ. Tíì gbígbóná tàbí ọbẹ̀ olómi nínú fíláàsì ló yẹ kó wà nínú àpò yẹn. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, òtútù a máa fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ru sókè sí i. Ẹni tó wá ń fa kẹ̀kẹ́ ọ̀pá gun òkè nínú ipò yẹn ti di ẹrù méjì lé ọkàn rẹ̀. Kí wọ́n bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí Sátidé tó ń bọ̀ tó pé. Bí dókítà bá gbà kí wọ́n lọ, kí wọ́n gbá ihò 9 dípò 18, kí wọ́n má dá nìkan lọ, kí wọ́n sì wo atẹ́gùn kí wọ́n tó jáde, torí pé 0°C pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń sáré kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan ń bá awọ bí ìwọ̀n 6 sísàlẹ̀ òdo.

Bí àyà bá dùn wọ́n tàbí tí èémí kò délẹ̀, kí wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn pe àwọn oníṣègùn pàjáwìrì. Bí wọ́n bá ń gbọ̀n láìdáwọ́ dúró, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, tí nǹkan ń jábọ́ lọ́wọ́ wọn, ooru inú ara ti ń lọ sílẹ̀. Tó bá ti já wálẹ̀ ju 35°C lọ, ọ̀ràn ilé ìwòsàn ni. Ẹ ní kí ẹni tí wọ́n jọ ń gbá máa wo ọwọ́ wọn. Bí wọn kò bá lè fa igi kékeré tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé, èyí tí wọ́n fúnra wọn gún mọ́lẹ̀, yọ mọ́, kí wọ́n kó ọ̀pá wọn sínú àpò, kí wọ́n máa bọ̀ nílé, ì báà jẹ́ ihò kẹta ni wọ́n wà.