Ẹkùn méjì tó dúró ti asà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀: ẹkùn ta ni?

Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ ìdí tí ẹkùn fi jẹ́ ẹranko orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Dàhómì àtijọ́ tó múlé tì wá lẹ́yìn Ṣẹ̀mẹ̀, àti bóyá ẹkùn yẹn náà ni àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ń fi ṣe orúkọ. Ìdáhùn tí wọ́n ń pín kiri ni pé ẹkùn Ọba Ìbìní ni, pé Bẹ̀nẹ̀ kan náà ṣáà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní irú èyí mọ́. Irọ́ gbáà ni, ọdún lásán sì tó láti já a.

Ọdún 1964 ni wọ́n gbé àmì orílẹ̀-èdè yẹn kalẹ̀, Dàhómì sì ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́ nígbà náà. Oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni Mathieu Kérékou, ológun tó ń ṣe olórí wọn nígbà náà, tó sọ ọ́ di Bẹ̀nẹ̀, orúkọ tó mú láti ara apá òkun tí àwọn òyìnbó ń pè ní Bight of Benin. Nígbà tí orúkọ tuntun dé, ìjọba Kérékou kan náà ló pa àmì ẹlẹ́kùn tì, ó gbé òmíràn wọlé. Ọdún 1990 ni wọ́n tó dá ti àtijọ́ padà. Kí ni ìyẹn sọ fún yín? Láti 1964 sí 1975, ẹkùn wà, orúkọ Bẹ̀nẹ̀ kò sí. Láti 1975 sí 1990, orúkọ wà, ẹkùn kò sí. Ẹkùn àti orúkọ Bẹ̀nẹ̀ kò pàdé rárá títí di 1990. Báwo wá ni orúkọ ṣe lè jẹ́ ìyá ẹkùn?

Ẹkùn Ìbìní ní ìtàn tirẹ̀, mi ò bu ú kù. Àwọn ẹkùn eyín erin méjì tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897 ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí dòní: eyín erin márùn-ún ni wọ́n tò pọ̀ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbà ni wọ́n sì fi ṣe àmì tó-tò-tó ara wọn. Ti Ọba Ìbìní nìyẹn. Kò kan Dàhómì.

Ẹkùn Dàhómì ni ẹkùn Agasu. Àwọn Fọ̀n àti àwọn Ègùn ń sọ ọ́ pé ní Tádò, tó wà ní ilẹ̀ Tógò òde òní, ẹkùn kan pàdé Aligbonon ọmọbìnrin ọba, ọmọbìnrin náà sì lóyún fún un, ó bí Agasu. Nígbà tí ìran Agasu pọ̀, wọ́n ní àwọn náà yẹ fún oyè Tádò. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì sá lọ tẹ Àládà dó. Ní Àládà kan náà ni àwọn ọmọ ìyá tún ti jà sí oyè. Ọ̀kan jókòó sílé. Ọ̀kan lọ sókè, ìran rẹ̀ ló dá Àgbómẹ̀, olú ìlú ìjọba Dàhómì, sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, Te-Agbanlin, lọ sí Hogbonu, ìlú tí àwa Yorùbá ń pè ní Àjàṣẹ́. Ẹ di ibẹ̀ yẹn mú dáadáa, nítorí òun ni kókó: ilé ọba Àgbómẹ̀ àti ilé ọba Àjàṣẹ́, ọmọ ẹkùn kan náà ni wọ́n. Kpovi, ọmọ ẹkùn, ni wọ́n ń pe ọmọ ọba ní èdè Fọ̀n. Agasu ní àlùfáà tirẹ̀ ní Àgbómẹ̀, èèwọ̀ sì ni ẹran ẹkùn fún ìran rẹ̀. Ìsìn rẹ̀ bá àwọn ẹrú kọjá òkun. Wọ́n ṣì ń bọ Agassou ní Haiti.

Ibí yìí ni àwọn ará ilé wa ti ń ṣìnà, torí wọ́n ń fi àṣà Yorùbá ka ti Fọ̀n. Lọ́dọ̀ wa, ẹkùn jẹ́ ẹran tí ọba ni. Ọdẹ tó bá pa á kò gbọdọ̀ fi awọ rẹ̀ ṣọ̀ṣọ́ sílé ara rẹ̀. Ààfin ló ń gbé e lọ, wọn á sì fa irun imú rẹ̀ dànù nítorí ìgbàgbọ́ pé májèlé ni. Àwọn oníjàlá ń kì í ní Ògìdán, olólà ijù, wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọba Yorùbá kan tó ń pe òkú ẹkùn tí ọdẹ gbé wá ní bàbá rẹ̀. Ní Àgbómẹ̀, bàbá ni. Ẹni tó bá ní wọ́n fi ẹkùn sí àmì nítorí pé ó lágbára, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ẹfọ̀n lágbára, erin jù ú lọ.

Ẹlòmíràn á ní: ṣebí kìnnìún ni àmì Glele ọba Dàhómì, shark, ẹja ńlá inú òkun tó ń jẹ ènìyàn, sì ni àmì Behanzin tó jọba lẹ́yìn rẹ̀? Òótọ́ ni. Ère méjèèjì wà nínú ohun 26 tí Faransé dá padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, èyí tí Dodds, ọ̀gágun Faransé, kó ní Àgbómẹ̀ ní 1892. Ṣùgbọ́n àmì ọba kan ṣoṣo nìyẹn, kì í ṣe àmì ìdílé. Nígbà tí ọba Dàhómì bá gorí oyè, ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ kan jáde, orúkọ rẹ̀ á wá látinú ọ̀rọ̀ náà, àwòrán rẹ̀ náà á wá láti ibẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe dandan kó jẹ́ ẹranko. Ọkọ̀ ojú omi ni ti Agaja. Ẹfọ̀n tó wọ ẹ̀wù ni ti Tegbesu. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Agonglo tó jọba ní 1789: ọ̀pẹ òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àrá sán lu ọ̀pẹ, ọ̀pẹ òyìnbó yè é. Ẹ rò ó wò. Ọ̀pẹ ga, òun ni àrá ń rí kọ́kọ́ bá. Ọ̀pẹ òyìnbó dì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ewé ẹlẹ́gùn-ún, àrá kọjá lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì ọba rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá nìyẹn, ó sì ń fi í han àwọn tó kù pé òun mọ̀ wọ́n. Títí dòní, àwọn alárànṣọ Àgbómẹ̀ ń gé ọ̀pẹ òyìnbó yẹn mọ́ aṣọ, àwọn tó ń rà á sì rò pé àwòrán èso lásán ni! Àmì ọba ń yí padà bí ọba ti ń yí padà. Ẹkùn kì í yí.

Ẹ wá wo ọdún 1964 lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1963, ológun lé Ààrẹ Hubert Maga, ará àríwá, kúrò lórí àga. Nígbà tí 1964 bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì ló pín ìjọba: Apithy ọmọ Àjàṣẹ́ ni Ààrẹ, Ahomadégbé tó wá láti ìdílé ọba Àgbómẹ̀ ni igbákejì àti olórí ìjọba. Àjàṣẹ́ àti Àgbómẹ̀ ti ní gbólóhùn asọ̀ láàárín ara wọn tipẹ́: Toffa ọba Àjàṣẹ́ ló wà lẹ́yìn Faransé nígbà tí Faransé ń bá Behanzin jà. Bí wọ́n bá gbé kìnnìún Glele síbẹ̀, Àjàṣẹ́ ò ní gbà. Ẹ tún wo inú asà náà fúnra rẹ̀. Ilé alámọ̀ onílé-ìṣọ́ ti àwọn Sómbà wà níbẹ̀ fún àríwá. Ìràwọ̀ oyè tí Toffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1889 wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ àti ọkọ̀ ojú omi, ti gbogbo ayé ni. Níbo ni Àgbómẹ̀ wà? Ẹ̀gbẹ́ asà ni, lára ẹkùn méjèèjì, ẹkùn tí Àjàṣẹ́ náà kò lè kọ̀ nítorí bàbá tiwọn náà ni. Èrò tèmi nìyí, mi ò sì tíì rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ gidi bì í ṣubú.

Ní ti àwòrán, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ẹkùn mọ́ bí wọ́n bá rí i. Ìwé aláwòrán ọmọdé wa ń ya tiger onílà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ «ẹkùn», bẹ́ẹ̀ tiger kò sí nínú igbó Áfíríkà kankan. Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ìlà dúdú bá ti igun ojú sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu bí omijé, cheetah ni, tí Faransé ń pè ní guépard. Ẹkùn kò ní ìlà yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ara: tó-tò-tó ẹkùn dà bí òrùka dúdú tó já, àárín rẹ̀ sì pọ́n ju ara yòókù lọ; ti cheetah kún, ó dúdú tán. Cheetah ga lẹ́sẹ̀, ikùn rẹ̀ fà wọlé, èékánná rẹ̀ kì í wọlé tán. Ẹkùn kúrú, ọrùn rẹ̀ ki, ó sì ń gbé ẹran tó pa gun orí igi. Bí wọ́n bá tẹ àmì náà ní kékeré, òrùka máa ń dí, ó á wá dà bíi ti cheetah. Nítorí náà, ẹ má gbẹ́kẹ̀lé ara nìkan. Ojú àti ọrùn ni kí ẹ wò.

Ó ku ti bọ́ọ̀lù. Ẹranko àmì ìjọba àti ẹranko ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń to «ẹranko orílẹ̀-èdè» jọ ti máa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tógò ní kìnnìún pupa méjì tó mú ọrun àti ọfà dání, àṣá ni agbábọ́ọ̀lù wọn. Nijẹr ní orí màlúù, àgbọ̀nrín aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mena ni ti bọ́ọ̀lù. Ó bára mu ní Ivory Coast, níbi tí erin ti wà ní méjèèjì, àti lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹyẹ idì. Àwọn ẹṣin funfun méjì tiwa kò tíì gbá bọ́ọ̀lù rí. Ní Bẹ̀nẹ̀, Écureuils, ìyẹn ọ̀kẹ́rẹ́, ni agbábọ́ọ̀lù wọn ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2022 ni wọ́n yí i sí Guépards. Cheetah ni wọ́n mú, kì í ṣe ẹkùn, wọn ò sì fọwọ́ kan àmì orílẹ̀-èdè nítorí rẹ̀.